Ohùn Adó Lábẹ́ Yorùbá Ilé-Ìwé

Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò, ìyẹn Yorùbá inú ìwé àti ti ilé-ẹ̀kọ́, tó ń fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọkọ̀ ní Adó-Èkìtì, tó gba Ìwòròkò àti Ìfàkì lọ sí agbègbè Ìdó, kò ní pẹ́ kan ìlú tí máàpù ìjọba pè ní Usi-Èkìtì. Orúkọ náà ti wà bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ òfin gírámà sára pátákó. Àwọn àgbà Adó fúnra wọn, bí wọ́n bá ń tàkúrọ̀sọ láàárín ara wọn, ulé ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe ilé; uṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe; ùlú ni wọ́n ti wá; ukú ni wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó yẹ̀ lórí àwọn.

Ẹnu kan náà ni yóò dé iwájú káńtà báńkì, tàbí kó gba àlejò láti Ìbàdàn, tí ohùn á sì yí padà. Ulé á di ilé, uṣẹ́ á di iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní kó yí i. Ibo ni u yìí ti wá? Kí ló dé tí Ọ̀yọ́ kò fi ní i? Báwo ni orí kan ṣe ń kó méjèèjì pọ̀ tí kò dàrú? Ṣé ó sì ń kú lọ ni? Ó ti tó igba ọdún tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń dá àbá lórí irú ìbéèrè báyìí, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan rí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kó àwọn àbá náà wá sí Adó láti wo ibi tí apá kálukú wọn ká. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú ohùn Èkìtì, ìró tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ lẹ́nu ara wọn àti ìró tí wọn kò gbọ́ kì í kú ikú kan náà.

Lójú pópó, ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan ní Ọ̀yọ́ ló ń sọ ojúlówó Yorùbá, pé Èkìtì kàn yà bàrá ni. Àwọn mìíràn, pàápàá àgbà tó ń gbọ́ bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ba èdè baba wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra ju bí àwọn tó ń sọ ọ́ ṣe rò lọ. Wọ́n gbà pé èdè ti pé nígbà kan rí, pé ohun tó bá ti yàtọ̀ sí i, ìbàjẹ́ ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nípa Látìn àti àwọn èdè tó jáde láti inú rẹ̀.

Leipzig ní Jámánì ni nǹkan ti yí. Ní 1878, Hermann Osthoff àti Karl Brugmann kéde pé bí ìró kan bá ń yí padà nínú èdè, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní ìró náà ní irú àyè kan náà ni yóò yí, kò ní ku ẹyọ kan. Òfin ni ìyípadà, wọ́n ní, kì í ṣe àìbìkítà àwọn tó ń sọ èdè. Ọ̀rọ̀ náà le, ó tilẹ̀ ga jù, ṣùgbọ́n ó fún ẹni tó ń wá ìtàn èdè ní irinṣẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lò ó wò. Ilé ní Ọ̀yọ́ jẹ́ ulé ní Èkìtì, ikú jẹ́ ukú, iṣẹ́ jẹ́ uṣẹ́. Ṣùgbọ́n igi kò di ugi; igi náà ni ní Èkìtì. Ẹni tó bá mọ ti Èkìtì lè dárúkọ ti Ọ̀yọ́ láìṣìnà, nítorí gbogbo u tó wà níwájú ọ̀rọ̀ ti di i, i àtijọ́ sì dúró sí àyè rẹ̀. Ẹni tó mọ ti Ọ̀yọ́ nìkan ńkọ́? Kò sí ohun kankan nínú ilé àti igi tí yóò sọ fún un pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ní u, èkejì kò sì gbọdọ̀ ní i. Níbi tí ìró méjì bá ti dàpọ̀ di ọ̀kan, ẹni tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ló mú ti àtijọ́ dání. Nípa u, nígbà náà, Ọ̀yọ́ ló kúrò lójú kan. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ̀ àti àwọn ará ìlà-oòrùn ló dúró. Ẹni tó bá fi ulé ṣe ọmọ Èkìtì ní yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ tó dàgbà ju tirẹ̀ lọ ló ń fi ṣẹ̀sín.

Ohun tí òfin Leipzig kò ní ìdáhùn sí ni Adó òde òní. Hugo Schuchardt ti tako àwọn ará Leipzig láti 1885. Ní 1969, William Wang gbé àbá mìíràn kalẹ̀ pé ìyípadà máa ń gba inú ọ̀rọ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ọ̀rọ̀ kan lè ti yí nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Kò ṣòro láti gbọ́ ẹni tó ń lọ sí ulé lálẹ́ ṣùgbọ́n tó ń mú ẹjọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ láàárọ̀. Ilé-ẹjọ́, ilé-ìwé, iléeṣẹ́: ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì ló kó wọn wá, i ni wọ́n sì mú wá láti ibẹ̀. Òfin ìró kò mọ ilé-ẹjọ́ yàtọ̀ sí ulé. Ará Adó mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ Yorùbá tún fi hàn pé àwòrán igi ẹbí, tí August Schleicher gbajúmọ̀ fún, kò tó. Nínú àwòrán yẹn, èdè ìyá kan bí ọmọ, ọmọ bí ọmọ-ọmọ, ẹ̀ka kò sì tún pàdé mọ́. Ó bá Yorùbá, Igala àti Itsekiri mu dáadáa. Iṣẹ́ tí Fẹ́mi Akínkùgbé ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978 fi ìbátan wọn hàn láti inú ìró. Ṣùgbọ́n Adó àti Ọ̀yọ́ kò pínyà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, wọ́n sì tún ti bá ara wọn jagun rí. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti jókòó sí ìlú Èkìtì kí ogun Kírìjì tó bẹ́ sílẹ̀, ìgbà tí ogun náà sì parí, àwọn oníṣòwò àti oníwàásù ni wọ́n gba ọ̀nà kan náà wọlé. Johannes Schmidt ló rí irú èyí ní Yúróòpù ní 1872 tó fi ní ìyípadà máa ń tàn káàkiri bí omi tí a sọ òkúta sí ni. Ìgbì kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára rẹ̀ parí sí.

Abíọ́dún Adétugbọ̀ ló kọ́kọ́ ya ilẹ̀ Yorùbá bí ó ti yẹ ní ọ̀nà yìí, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà ní 1967. Ó pín ẹ̀ka-èdè tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn ìgbà náà sí mẹ́ta gbòòrò: Àríwá Ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn wà, Gúúsù Ìlà-oòrùn, níbi tí Oǹdó àti Ọ̀wọ̀ wà, àti Àárín Gbùngbùn, tó kó Ifẹ̀, Èkìtì àti Àkúrẹ́ mọ́ra. Ti Àárín Gbùngbùn ló dùn jù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò sún mọ́ ti Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ àṣà wọn sún mọ́ ti Oǹdó, fáwẹ̀lì wọn kò sì jọ ti ẹnì kankan nínú méjèèjì. Ìgbì ti ìhà méjèèjì wá bá wọn, èyí tó wù wọ́n ni wọ́n jẹ́ kó wọlé.

Adétugbọ̀ ṣàkíyèsí nǹkan mìíràn tó yẹ kí gbogbo ẹni tó rò pé ìró nìkan ló ń darí èdè fara balẹ̀ wò. Ní Gúúsù Ìlà-oòrùn, ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ fún “ẹ̀yin” àti “àwọn” ti dàpọ̀: án wá lè jẹ́ ẹ wá, ó sì lè jẹ́ wọ́n wá. Ní Ọ̀yọ́, wọn kò dàpọ̀. Kí ló dé? Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ ọ̀wọ̀ ni, ẹ tí ọmọ Ọ̀yọ́ kò gbọdọ̀ má fi pe àgbà. Níbi tí ẹ bá ti di ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí a kọ́ nílé, kò sí ìró tó lè gbé e mì. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn máa ń fi àìlo ẹ fún àgbà bú ará ìlà-oòrùn pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò mọ̀ pé gírámà ni wọ́n ń bú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro gan-an nìyí, òun náà sì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fara balẹ̀ lé. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì àti ní Àkúrẹ́, mẹ́sàn-án ni etí tó mọ̀ ọ́n gbọ́ yóò kà. U tó wà nínú ukú kì í ṣe u tó wà nínú uṣẹ́. Ti uṣẹ́ rọ̀ ju ti ukú lọ. Ìdí ahọ́n fà sẹ́yìn, ìró náà sì rẹlẹ̀ díẹ̀, ó fẹ́ sún mọ́ o ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀. I náà ní irú ẹnìkejì bẹ́ẹ̀. Kò sí lẹ́tà fún méjèèjì. Àwọn tó pàdé ní Èkó ní oṣù kìíní 1875 láti fìdí àkọtọ́ múlẹ̀ kò wá lẹ́tà fún wọn, nítorí Yorùbá tó wà níwájú wọn kò ní wọn. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ Adó ti ń fi àmì méje kọ ohùn mẹ́sàn-án, kò sì sí olùkọ́ tó máa ń sọ ọ́ fún un.

Àǹkóò fáwẹ̀lì ló wà nídìí rẹ̀. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, e kì í sábà bá ẹ tàbí ọ gbé inú ọ̀rọ̀ kúkurú kan, o kì í sì bá wọn gbé. Ṣùgbọ́n i àti u ń bá ẹni gbogbo gbé. Wọn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ní Èkìtì, àwọn náà gbọ́dọ̀ gbè. Bí fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé wọn bá jẹ́ ẹ, ọ tàbí a, wọ́n á rọ̀. Àǹkóò náà tilẹ̀ kọjá inú ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ: níbi tí Ọ̀yọ́ ti ń sọ mo dé àti mo lọ, Èkìtì a máa sọ mo dé àti mọ lọ. Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ̀wé lórí àǹkóò fáwẹ̀lì Yorùbá láti 1967, ọdún kan lẹ́yìn tí ìwé gírámà rẹ̀ jáde, kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín àwọn onímọ̀ ìró jákèjádò ayé. Ní 1989, Diana Archangeli àti Douglas Pulleyblank fi Yorùbá dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà Linguistic Inquiry. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà mọ àǹkóò yìí ju akẹ́kọ̀ọ́ Adó lọ, èyí tí kò dùn láti gbọ́.

Ṣé Èkìtì ló pa fáwẹ̀lì méjì wọ̀nyí mọ́ láti ayébáyé, tí Ọ̀yọ́ sọ tirẹ̀ nù? Àbí Èkìtì ló ṣẹ̀dá wọn? Adétugbọ̀ gbà pé wọ́n ti wà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé ní Àríwá Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti gòkè lọ dàpọ̀ mọ́ i àti u. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti ulé: Ọ̀yọ́ tún dàpọ̀, Èkìtì tún dúró.

Àbá kejì wá láti ibòmíràn. John Ohala ti Yunifásítì California ní Berkeley sọ ọ́ ní 1981 pé etí ló ń yí èdè padà ju ẹnu lọ. Ẹnu tó bá ń múra láti pe ẹ yóò ti fa ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tó ṣì ń pe i tó ṣáájú, i náà á sì rọ̀ díẹ̀. Àgbà á gbọ́ ọ, kò ní kà á sí, nítorí ó mọ̀ pé ẹ tó ń bọ̀ ló fà á. Ọmọdé tó ń kọ́ èdè lè má mọ̀. Ó lè rò pé bí wọ́n ṣe ń pe i nìyẹn, kí òun náà sì mọ̀ọ́mọ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ èèṣì lẹ́nu ìyá á wá di òfin lẹ́nu ọmọ. Marek Przezdziecki gbé irú èrò yìí wá sí ilẹ̀ Yorùbá nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Yunifásítì Cornell ní 2005. Ẹ̀ka-èdè mẹ́ta ló fi ẹ̀rọ wọn ìró wọn: Àkúrẹ́, níbi tí i àti u ti ń gbè, Mọ̀bà ní àríwá Èkìtì, níbi tí àǹkóò wà ṣùgbọ́n tí i àti u kò sí nínú rẹ̀, àti Yorùbá àjùmọ̀lò. Ohun tó dán wò ni pé bóyá àǹkóò Àkúrẹ́ hù jáde láti inú fífà tí fáwẹ̀lì ń fa ara wọn lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

Àwọn tó fara mọ́ àbá kejì yìí ní ẹ̀rí kan tó lágbára. Ní Àkúrẹ́, ìró rírọ̀ méjèèjì kì í dá dúró. Iwájú ẹ, ọ àti a ni wọ́n ti ń jáde, ẹni tó bá sì mọ fáwẹ̀lì tó ń bọ̀ ti mọ èyí tí yóò ṣáájú. Ìró àtijọ́ tó ti ní ilẹ̀ tirẹ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò pa ẹnu Adétugbọ̀ dé, nítorí ìró àtijọ́ lè pàdánù ilẹ̀ rẹ̀ kó sì ku ẹ̀yìnkùlé nìkan sí i lọ́wọ́. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ọ̀rọ̀ u iwájú ti yanjú, ti ìró rírọ̀ kò tíì yanjú, ó sì léwu láti tìtorí ìṣẹ́gun Èkìtì nínú ti àkọ́kọ́ gbé e borí nínú ti èkejì. Ìfẹ́ ìlú ẹni kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn onímọ̀ gírámà tó tẹ̀lé Noam Chomsky kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún irú ìtàn báyìí. Ìwé tí Chomsky kọ ní 1965 gbé olùsọ èdè kan kalẹ̀ tó mọ èdè rẹ̀ láìkù síbì kan, láwùjọ tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ bákan náà. Irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní Adó; kò sí níbikíbi. Síbẹ̀ iṣẹ́ wọn kò já sófo. Tíọ́rì tí Alan Prince àti Paul Smolensky gbé jáde ní 1993 sọ pé gbogbo èdè ló ní èèwọ̀ kan náà, ìtò wọn ló yàtọ̀. Ẹni tó mọ ìlú méjì tí wọ́n jọ ní èèwọ̀ ọba àti èèwọ̀ òrìṣà, ṣùgbọ́n tí ti ọba wúwo ní ọ̀kan tí ti òrìṣà sì wúwo ní èkejì, ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èèwọ̀ kan ní kí fáwẹ̀lì má ṣe yapa sí aládùúgbò rẹ̀. Èèwọ̀ kejì ní i àti u kò gbọdọ̀ rọ̀. Ní Àkúrẹ́, ti àkọ́kọ́ ló wúwo; nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ti èkejì ni. Ó mọ́gbọ́n dání, ó sì fi hàn pé Èkìtì àti Ọ̀yọ́ kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ohun tí kò sọ ni ìdí tí èèwọ̀ kan fi fẹ́rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí èkejì sì wúwo.

William Labov, tó kú ní oṣù kejìlá 2024, ló fipá mú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè jáde síta. Ní Martha's Vineyard, erékùṣù kan ní etíkun Massachusetts, ó gba ohùn ọmọ ìlú 69 sílẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963. Àwọn ọlọ́rọ̀ láti àwọn ìlú ńlá ń wá síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń ra ilé, wọ́n ń gba etíkun. Labov rí i pé àwọn apẹja, àti àwọn tó ti pinnu pé àwọn kò ní kúrò nílùú, ń pe fáwẹ̀lì kan ní ọ̀nà tí ará ìlú ńlá kì í gbà pè é, ti àwọn tó wà láàárín ọdún 31 sí 45 sì pọ̀ jù. Ìró náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dì í mú. Nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 1968, òun, Uriel Weinreich àti Marvin Herzog jọ kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí lára èdè, pé ètò ni, àti pé ẹni tó mọ èdè mọ ìyàtọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ará Adó tó ń sọ ulé nílé àti ilé ní báńkì kò dàrú. Ìmọ̀ rẹ̀ ló pọ̀.

Ta ló wá gbé ilé dé Adó? Kì í ṣe Ọ̀yọ́ tààrà. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821, gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1822, níbi tí àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú láti onírúurú ìlú Yorùbá ti ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Aku. Sigismund Koelle kó ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó, Ẹ̀gbá àti àwọn mìíràn jọ níbẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1854. Níbi tí ẹ̀ka-èdè púpọ̀ bá ti ń gbé ojúlé kan, wọ́n á máa gé etí ara wọn títí ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́ yóò fi kù. Ìpìlẹ̀ Yorùbá inú ìwé jẹ́ ti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá tí ìyá ẹnikẹ́ni ń sọ ní pàtó. Òun ni Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi túmọ̀ Bíbélì tó parí ní 1884, òun ni oníwàásù gbé dé Èkìtì, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ Yorùbá ní Christ's School lẹ́yìn tí Henry Dallimore dá a sílẹ̀ ní Adó ní 1933. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, ìgbì náà wọ ilé àgbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì kò dé. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 ní kí wọ́n fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ní Adó, Yorùbá ìwé ni wọ́n ka ìyẹn sí. Èdè tí ìyá ọmọ náà fi pè é wá jẹun kò wọ kíláàsì.

Lẹ́yìn náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, kó ọ̀dọ́ láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti ibòmíràn wá sí ọ̀nà Ìwòròkò. Onílé wọn kò lè máa bá wọn sọ ulé.  

Ẹni tó bá wo apá yìí nìkan yóò sọ pé u ti kú tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, ohùn Èkìtì ti rí iṣẹ́ tuntun ṣe. Òṣèlú tó ń wá ìbò kì í wá pe “Èkìtì kete” kó tún máa sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn. Ulé lẹ́nu rẹ̀ ń sọ pé ọmọ onílẹ̀ ni, bíi fáwẹ̀lì àwọn apẹja Vineyard.

Labov ya ìró tó ń yí padà sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ kò hàn sí ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ ń fi ibi tí olùsọ ti wá hàn. Ti èkejì ni èyí tí ènìyàn ń yí padà bí ibi tó wà bá ṣe gbà, láìsọ̀rọ̀ lé e. Ti ẹ̀kẹta ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí wọ́n ń fi ṣe àwàdà. Ulé ti di ti ẹ̀kẹta láti ọjọ́ pípẹ́. Aláwàdà tó bá fẹ́ ṣe bí ará Èkìtì, u ni yóò kọ́kọ́ mú. Ìró rírọ̀ ṣì wà nípò àkọ́kọ́. Kò ní lẹ́tà, kò ní orúkọ, kò sì sí olùkọ́ tó ń fagi lé e. Nítorí náà ni ará Adó fi lè yọ gbogbo u kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó sọ ilé, iṣẹ́ àti ìlú bí ti inú ìwé, tí ẹnìkan ní Ìbàdàn yóò sì tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ọmọ Èkìtì ni yín, àbí?” U ni ó fi pamọ́. Ní ti ìró rírọ̀, ará Adó náà kò mọ̀ pé ó wà lẹ́nu òun, kò sì lè fi í pamọ́. Ìdí nìyí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fi rò pé u ni yóò kọ́kọ́ lọ láàárín àwọn àlejò, kó sì padà wá níbi ìpolongo ìbò àti nínú orin, nígbà tí ìró rírọ̀ yóò máa bá a lọ ní ìdákẹ́jẹ́, láìsí ẹni tó ń gbé e lárugẹ tàbí tó ń lé e lọ.

A lè dán èyí wò, kò sì gba owó gọbọi. Kí wọ́n gba ohùn ìran mẹ́ta sílẹ̀ ní àwọn àdúgbò Adó bíi Ìjìgbò, Òkèṣà àti Ìrọ̀nà: bàbá tàbí ìyá àgbà, ọmọ, ọmọ-ọmọ. Kí wọ́n bá wọn tàkúrọ̀sọ ní ohùn Adó, kí wọ́n sì tún jẹ́ kí wọ́n ka gbólóhùn Yorùbá àjùmọ̀lò tó ní ilé àti ilẹ̀ nínú. Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, ọ̀fẹ́ ni. Yóò wọn i méjèèjì. Bí i tó wà nínú ilẹ̀ bá ṣì rọ̀ ju ti ilé lọ lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò sọ ulé rí láyé rẹ̀, a jẹ́ pé ìró tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ti pẹ́ láyé ju èyí tí gbogbo ènìyàn ń fi ṣe àwàdà. Bí wọ́n bá dọ́gba lẹ́nu rẹ̀ tí wọn kò sì dọ́gba lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀, àdàpọ̀ tí Adétugbọ̀ ní ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ nígbà tí kò sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí ní Adó, a ó sì lè ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀nà kejì yìí ló nílò ohùn àwọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá.